Owó Aṣọ́kọ̀ ní Alímọ̀ṣọ́: Gbèsè Ni Tàbí Ọrẹ?

Owó aṣọ́kọ̀ ni owó tí ẹni tó páàkì ọkọ̀ sẹ́bàá títì máa ń fún ọkùnrin tó bá a mójú tó o títí tó fi jáde ní ọjà, ní báǹkì, ní ọsibítù tàbí ní ilé ìjọsìn. Owó náà kò ní iye pàtó, kò ní rìsíìtì, ẹni tó ń gbà á kì í sì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba tàbí ti iléeṣẹ́ kankan. Síbẹ̀, awakọ̀ tó bá ń ná ọjà Ìkòtún, tó ń wọ báǹkì ní Ẹ̀gbẹ́dá tàbí tó ń lọ kí aláìsàn ní Ọsibítù Ìjọba Alímọ̀ṣọ́ tó wà ní Ìgándò mọ̀ ọ́n bí ẹní mowó. Ìbéèrè tó wà nídìí rẹ̀ ju ọ̀rọ̀ náírà lọ. Owó kí ni gan-an? Bí ó bá jẹ́ owó iṣẹ́, ẹni tí kò san án jẹ gbèsè. Bí ó bá jẹ́ ọrẹ, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ bínú sí ẹni tí kò ta á lọ́rẹ. Bí ó bá sì jẹ́ pé ẹ̀rù ló gbà á lọ́wọ́ onítọ̀hún, ẹni tó gbà á ló jẹ̀bi, ó sì ṣeé ṣe kí ẹni tó san án náà ní ẹ̀bi tirẹ̀ níbẹ̀.

Alímọ̀ṣọ́ ni ìjọba ìbílẹ̀ tí èrò pọ̀ sí jù ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Ìkànìyàn ọdún 2006 ka 1,277,714 ènìyàn níbẹ̀. Ìjọba ìpínlẹ̀ kò gbà, ó ní nínú kíkà tòun, wọ́n jẹ́ 2,047,026. Lọ́dún 2003 ni wọ́n pín in sí ọ̀nà mẹ́fà, Ìkòtún-Ìgándò sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ní ọ̀pọ̀ ibẹ̀, ilé ni wọ́n kọ́kọ́ kọ́, ṣọ́ọ̀bù tẹ̀lé e, ọkọ̀ ló dé gbẹ̀yìn, kò sì sẹ́ni tó fi àyè sílẹ̀ dè é. Bí ojú títì ṣe di ibi ìpáàkì nìyẹn. Àyè há, olè ń bẹ, ọlọ́kadà tó lè fi irin ha ọkọ̀ lára ń kọjá ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú, àwọn ọ̀dọ́kùnrin tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ sì jókòó sítòsí. Iṣẹ́ tó hù níbẹ̀ kò yẹ kó ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu.

Iṣẹ́ náà ní ètò tirẹ̀. Kí ọkọ̀ tó dẹsẹ̀ ni aṣọ́kọ̀ ti rí i. Ó ti wọ jákẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ọsàn tó ń dán, èyí tó jọ ti àwọn tó ń tún ọ̀nà ṣe, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì pè é: "Ẹ máa bọ̀, ẹ máa bọ̀, ẹ gé ọwọ́ sọ́tùn-ún, ó tó, ẹ nà án!" Bí táyà bá kan ibi tó fẹ́, ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá búùtù lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó wa ọkọ̀ sọ̀ kalẹ̀, aṣọ́kọ̀ kí i: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá mi. Ẹ fọkàn balẹ̀, a wà níbí." Bí oòrùn bá mú, ó lè wá páálí bo gíláàsì iwájú. Nígbà tí ọ̀gá bá padà dé, aṣọ́kọ̀ tó wà ní òdìkejì títì ti sáré débẹ̀. Ó na ọwọ́ dá dánfó tó ń bọ̀ dúró kí ti ọ̀gá lè fẹ̀yìn jáde, lẹ́yìn náà ló wá tẹ̀ mọ́ wíńdò: "Ọ̀gá mi, a bá yín mójú tó o o." Kò dárúkọ owó. Kò nílò rẹ̀.

Ohun àkọ́kọ́ tó mú ọ̀rọ̀ náà le ni pé lọ́pọ̀ ìgbà, kò sẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí àwọn ilé ẹjọ́ Nàìjíríà jogún, ti dáhùn èyí láìfi igbá kan bọ ọ̀kan nínú. Lọ́dún 1886, nínú ẹjọ́ kan tí wọ́n ń pè ní Falcke, Adájọ́ Bowen là á kalẹ̀ pé ẹni tó bá ṣiṣẹ́ láti dáàbò bo dúkìá ẹlòmíì láìjẹ́ pé olóhun bẹ̀ ẹ́ kò lè torí ìyẹn ní kí olóhun san owó fún òun. A kì í di gbèsè ru ènìyàn lẹ́yìn rẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi tó wà nínú ewu nìkan ló yọ sílẹ̀. Lójú òfin yìí, aṣọ́kọ̀ tí wọn kò bẹ̀ kò ní ẹ̀tọ́ sí kọ́bọ̀.

Ẹ̀sìn kì í yára pa irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Ìtàn kan wà tí Bíbélì àti Àlùkùránì jọ sọ, ó sì wúlò níbí ju ọ̀pọ̀ ìwàásù lọ. Nígbà tí Mósè sá kúrò ní Íjíbítì, ó dé ìdí kànga kan ní Mídíánì. Ó rí àwọn obìnrin tí àwọn olùṣọ́-àgùntàn kò jẹ́ kí wọ́n ráyè fún ẹran wọn lómi. Ẹnikẹ́ni kò bẹ̀ ẹ́. Ó dìde, ó bá wọn pọnmi fún ẹran. Nínú ìwé Ẹ́kísódù, nígbà tí àwọn ọmọ ròyìn délé, baba wọn bi wọ́n léèrè ìdí tí wọ́n fi fi irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, ó ní kí wọ́n lọ pè é wá jẹun. Súrà kejìdínlọ́gbọ̀n nínú Àlùkùránì lọ jù bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà padà wá, ó ń tijú, ó ní bàbá òun ń pè é kó lè san èrè omi tó bá wọn pọn fún un. Iṣẹ́ tí wọn kò bẹ̀ ẹ́, baba náà rí i bí ohun tó yẹ kí a san. Mósè ní tirẹ̀ ti kúrò nídìí kànga, ó ti lọ jókòó sábẹ́ ibòji, Ọlọ́run nìkan ló sì sọ àìní rẹ̀ fún.

Nínú ìtàn yìí, ọ̀dọ̀ ẹni tó jẹ àǹfààní iṣẹ́ ni ìpè ti wá. Ẹni tó ṣiṣẹ́ kò na ọwọ́. Yorùbá náà ní ẹni tó ṣoore tó lóṣòó tì í, bí ẹni tí kò ṣe é ni. Òótọ́ ni pé òwe yẹn kò ro ti aṣọ́kọ̀ mọ́ ọn, nítorí lílóṣòó ti ọkọ̀ gan-an niṣẹ́ ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó fi ìyàtọ̀ hàn láàárín ẹni tó ń retí àti ẹni tó ń béèrè. A lè jẹ ènìyàn ní ohun kan nínú ẹ̀rí ọkàn tí kò ní ẹ̀tọ́ láti fi agbára gbà lọ́wọ́ ẹni.

Ìtàn tó bá ti Ìkòtún mu jù lọ wà nínú Sámúẹ́lì Kìíní, orí karùndínlọ́gbọ̀n. Dáfídì kò tíì jọba, ó ń sá kiri nínú aginjù pẹ̀lú àwọn ọmọkùnrin tó tó ẹgbẹ̀ta, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ onígbèsè àti àwọn tí ayé sú. Nábálì ní tirẹ̀ jẹ́ ọlọ́rọ̀ ará Máónì, ó ní àgùntàn 3,000 àti ewúrẹ́ 1,000. Ní gbogbo àkókò tí àwọn darandaran Nábálì fi wà ní pápá, àwọn ọmọ Dáfídì wà nítòsí wọn, ohunkóhun wọn kò sì sọnù. Nígbà tí ọjọ́ ìrẹ́run àgùntàn pé, ọjọ́ tí owó ń wọlé tí àsè sì wà nílẹ̀, Dáfídì rán ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́wàá lọ kí Nábálì. Wọ́n kí i dáadáa, wọ́n rán an létí pé ẹran rẹ̀ kò dín, wọ́n ní kó fún àwọn ní ohunkóhun tí ọwọ́ rẹ̀ bá bà. Wọn kò dárúkọ iye. Aṣọ́kọ̀ Ẹ̀gbẹ́dá kò lè sọ ọ́ dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nábálì fèsì bí ọ̀pọ̀ ọlọ́kọ̀ ṣe ń fèsì: ta ni Dáfídì? Ìránṣẹ́ tó sá fún ọ̀gá wọn ti pọ̀ jù lóde òní, òun kò lè gbé oúnjẹ òun fún ẹni tí òun kò mọ ibi tó ti wá. Dáfídì gbọ́, ó ní kí wọ́n sán idà. Irínwó ọkùnrin tẹ̀lé e, ó sì búra pé kí ilẹ̀ tó mọ́, kò ní ku ọkùnrin kan nílé Nábálì. Ọ̀kan nínú àwọn ìránṣẹ́ Nábálì ló sáré lọ bá Ábígẹ́lì, ìyàwó ọ̀gá rẹ̀, ó jẹ́rìí fún un pé bí odi ni àwọn ọkùnrin náà rí fún àwọn lọ́sàn-án lóru. Ábígẹ́lì kò jẹ́ kí ọkọ rẹ̀ mọ̀. Ó kó igba ìṣù búrẹ́dì, ìgò awọ wáìnì méjì, àgùntàn márùn-ún tí wọ́n ti sè, ọkà yíyan àti èso gbígbẹ, ó pàdé Dáfídì lójú ọ̀nà, ó sì dojú bolẹ̀ níwájú rẹ̀.

Lórí pẹpẹ ìwàásù, Nábálì ni wọ́n máa ń fi bú ahun. Ó tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ìwàásù tó dúró síbẹ̀ yẹn ti fo ìdajì ìtàn. Ọ̀rọ̀ tí Ábígẹ́lì bá Dáfídì sọ ni pé kó má ṣe di ẹrù ẹ̀jẹ̀ aláìṣẹ̀ sí ọrùn ara rẹ̀, nítorí lọ́jọ́ tó bá jọba, yóò di ohun tí yóò máa kábàámọ̀. Dáfídì gbà pé òótọ́ ló sọ; ó yin Ọlọ́run tó rán obìnrin náà láti dá òun dúró lójú ọ̀nà ibi. Ẹjọ́ méjì ni ìtàn náà dá lẹ́ẹ̀kan náà. Iṣẹ́ tí wọ́n ṣe jẹ́ iṣẹ́ gidi, ẹlẹ́rìí wá láti inú ilé olóhun fúnra rẹ̀. Nítorí náà ẹni tó fi àbùkù kan òṣìṣẹ́ tó tún hán owó mọ́wọ́ ti ṣẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí idà bá ti yọ nínú àkọ̀, ohun tí wọ́n ń béèrè kò jẹ́ owó iṣẹ́ mọ́. Ìbéèrè kan tún wà tí ìtàn náà kò dáhùn, tí onírònú kò gbọ́dọ̀ fò: ṣé ẹni tó ní irínwó idà lè béèrè ọrẹ rárá? Bí ó ti wù kí ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ tó, ẹni tó ń gbọ́ ọ ń rí idà náà.

Ibi tí ìṣòro aṣọ́kọ̀ wà gan-an nìyí. Ẹnikẹ́ni kì í sọ pé òun yóò fi ìṣó ha ọkọ̀ tàbí pé òun yóò tú atẹ́gùn táyà. Àmọ́ gbogbo ọlọ́kọ̀ ti gbọ́ irú rẹ̀ rí, ẹni tó sì páàkì láàárọ̀ yóò tún padà wá páàkì lọ́la. Súrà kẹrin nínú Àlùkùránì kọ̀ fún onígbàgbọ́ láti jẹ owó ọmọnìkejì lọ́nà àìtọ́, àfi òwò tí tọ̀tún tòsì bá fi ara mọ́. Hádíìsì tí àwọn àfáà máa ń tọ́ka sí sì ní dúkìá mùsùlùmí kò di ẹ̀tọ́ ẹlòmíì àfi bí ọkàn rẹ̀ bá yọ̀ǹda rẹ̀. Ìdánwò tó tinú èyí jáde rọrùn láti sọ. Bí ọlọ́kọ̀ bá lè sọ pé rárá, tó padà dé tó bá ọkọ̀ rẹ̀ bó ṣe fi í sílẹ̀, owó tó bá fún aṣọ́kọ̀ jẹ́ owó ìyọ̀ǹda. Bí kò bá lè sọ bẹ́ẹ̀, ìfipágbà ni, ẹ̀rín ì báà wà lẹ́nu ẹni tó ń gbà á. Ẹni tó sì ń sanwó nítorí ẹ̀rù, tó lówó lọ́wọ́ tí kò sì ni í lára, yẹ kó rántí pé òun ló ń sọ ẹ̀rù náà di àṣà fún ìyálọ́jà tó ń fi ọkọ̀ àtijọ́ kó tòmátì, tí igba náírà kò kéré lójú rẹ̀.

Ó tún yẹ kí a ya iṣẹ́ ọkùnrin náà sọ́tọ̀ kúrò lára ilẹ̀ tó dúró lé. Títì kì í ṣe tirẹ̀. Láyé àtijọ́, oníbodè ń gba owó lẹ́nu ibodè ìlú, ṣùgbọ́n lórúkọ ọba ló ń gbà á, ìlú sì mọ̀ ọ́n. Lóde òní, òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 1998 lórí owó orí àti owó ìlú ka owó ìpáàkì tí kò tọ́ mọ́ ohun tó wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ìpínlẹ̀ Èkó náà ní àjọ tirẹ̀ lórí ìpáàkì, LASPA. Ẹni tó bá ní kí ènìyàn sanwó kó tó gbé ọkọ̀ dúró lójú títì ń ta ohun tí kì í ṣe tirẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ojú tó fi ṣọ́ ọkọ̀ àti ẹsẹ̀ tó fi dúró nínú oòrùn ló ń gbowó lé, ọ̀rọ̀ yàtọ̀, nítorí òun ló ni ojú àti ẹsẹ̀. Owó ọlọ́dẹ tí wọ́n ń san ládùúgbò ní Alímọ̀ṣọ́ fi èyí hàn: alẹ́ alẹ́ ni ọlọ́dẹ ń fi ṣọ́ òpópónà, onílé tó ń sùn kò bá a ṣàdéhùn lójúkojú, ṣùgbọ́n ìpàdé àdúgbò ti jókòó lé e, wọ́n ti fohùn ṣọ̀kan lórí iye rẹ̀. Irú ìjókòó bẹ́ẹ̀ ni aṣọ́kọ̀ kò ní.

Ohun tó lè dípò rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ẹnu. Bí ọlọ́kọ̀ bá sọ pé "Ẹ bá mi wò ó o, mò ń bọ̀", ó ti gbé iṣẹ́ náà fún aṣọ́kọ̀. Ó ti bẹ̀ ẹ́. Láti ìgbà yẹn, ọ̀rọ̀ Adájọ́ Bowen kò bá a mu mọ́, gbogbo òfin tí ẹ̀sìn méjèèjì ní lórí owó alágbàṣe ló dé bá a. Léfítíkù kọ̀ kí owó alágbàṣe sun ọ̀dọ̀ ẹni títí di òwúrọ̀. Ànábì Muhammad ní kí wọ́n fún òṣìṣẹ́ lówó rẹ̀ kí òógùn rẹ̀ tó gbẹ, hádíìsì tí Bukhari gbà sílẹ̀ sì ka ẹni tó lo òṣìṣẹ́ tí kò sanwó fún un mọ́ àwọn mẹ́ta tí Ọlọ́run fúnra rẹ̀ yóò bá ṣẹjọ́ lọ́jọ́ ìdájọ́. Nípa iye tí wọn kò dárúkọ, àwọn onímọ̀ òfin Ìsìláàmù ní owó tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń gbà ládùúgbò ni kí wọ́n wò. Nítorí náà, ẹni tó sọ pé "màá rí ẹ tí mo bá ń lọ", tó wá gbé gíláàsì sókè tó sì sáré jáde nígbà tí aṣọ́kọ̀ ń dá dánfó dúró fún un, ti jẹ gbèsè. "Mi ò ní ṣénjì" kò sì pa gbèsè rẹ́, pàápàá nísinsìnyí tí àwọn aṣọ́kọ̀ ń ka nọ́ńbà àkáùǹtì wọn fún oníbàárà.

Nítorí pé gbèsè ni, kò ṣeé kà mọ́ sàráà. Ọ̀pọ̀ ló máa ń jáde ní ìrun Jímọ̀ tàbí ní ìsìn Sunday ní Ìkòtún tí wọ́n á fún aṣọ́kọ̀ lówó, tí wọ́n á sì rò pé àwọn ti ṣe ìtọrẹ àánú. Sàká kì í ṣe ohun tí a fi ń san owó iṣẹ́. Èyí tó bá lé lórí owó iṣẹ́ nìkan ló lè jẹ́ sàráà, ìrègún sì lè ba ìyẹn náà jẹ́ gẹ́gẹ́ bí Súrà kejì ṣe wí. Kò sì tọ́ kí ọlọ́kọ̀ máa bá òṣìṣẹ́ sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá alágbe sọ̀rọ̀.

Ti ọlọ́kọ̀ nìyẹn. Ti aṣọ́kọ̀ kò rọrùn jù ú lọ. Mishnah, àkójọ òfin àwọn Júù tí wọ́n parí ní nǹkan bí ọdún 200 lẹ́yìn ìbí Jésù, pín àwọn tó ń tọ́jú nǹkan oníǹkan sí mẹ́rin. Ẹni tó ń ṣọ́ ọ lọ́fẹ̀ẹ́ yóò búra pé òun kò ṣe àìbìkítà, ọ̀rọ̀ sì parí. Ẹni tó ń gbowó iṣẹ́ yóò san án bí olè bá gbé e. Òfin Gẹ̀ẹ́sì gba ọ̀nà mìíràn: nínú ẹjọ́ Ashby àti Tolhurst lọ́dún 1937, ọkùnrin kan san ṣílè kan, ó páàkì ọkọ̀ rẹ̀ ní Southend, ẹni tó ń ṣọ́ ibẹ̀ sì jẹ́ kí ẹlòmíì gbé e lọ. Ilé ẹjọ́ ní àyè lásán ni ṣílè náà rà, kò ra ìṣọ́. Aṣọ́kọ̀ Alímọ̀ṣọ́ kò lè gba ibi ìsádi yẹn, nítorí kò ní àyè tó ń tà. Ìṣọ́ nìkan ni ọjà rẹ̀. Ẹni tó ní "a bá yín mójú tó o" nígbà owó, tó wá ń ní "ta ló fún mi ṣọ́?" nígbà tí díńgí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ti sọnù, ti jẹ owó tí kò ṣiṣẹ́ fún. Kò pọn dandan kó lágbára láti ra díńgí mìíràn. Ohun tó jẹ ọlọ́kọ̀ ni kó wà níbẹ̀, kó la ojú, kó sì sọ òótọ́ ohun tó rí, àní bí ẹni tó ba ọkọ̀ náà jẹ́ bá jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ẹni tó gba ọkọ̀ ogún mọ́ra tó sì wọ ibi ayò lọ kò yàtọ̀ sí oníwọ̀n èké.

Ìṣòro yìí kì í ṣe ti Èkó nìkan. Brazil ti ṣòfin lọ́dún 1975 tó fún aṣọ́kọ̀ àti ẹni tó ń fọ ọkọ̀ lójú títì ní àyè láti forúkọ sílẹ̀ bí ẹni tó ń dá ṣiṣẹ́ ara rẹ̀. Ní South Africa, àwọn ìlú ńlá mọ aṣọ́kọ̀ dunjú, àwọn ọlọ́jà kan a sì máa fún wọn ní aṣọ iṣẹ́. Ìforúkọsílẹ̀ dára, nítorí ó ń jẹ́ kí wọ́n mọ ẹni tí wọn yóò mú bí nǹkan bá sọnù. Kò yanjú ti ìyọ̀ǹda, nítorí jákẹ́ẹ̀tì tí ìjọba fúnni kò mú ẹ̀rù kúrò lọ́kàn ẹni tó fẹ́ sọ pé rárá.

Ìdájọ́ tó kù kò ṣòro. Ọlọ́kọ̀ tó ní kí wọ́n bá òun wò ó gbọ́dọ̀ sanwó, kó sì san án pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Èyí tí kò fẹ́ yẹ kó sọ ọ́ kó tó kúrò nídìí ọkọ̀, nítorí ẹni tó dákẹ́ láàárọ̀ kó lè rí nǹkan jiyàn lé nírọ̀lẹ́ ti rẹ́ ọmọnìkejì rẹ̀ jẹ. Aṣọ́kọ̀ tó gbọ́ rárá, tí kò fọwọ́ kan ọkọ̀ náà títí olówó rẹ̀ fi padà dé, ni owó tí àwọn yòókù fi lé e lọ́wọ́ lọ́jọ́ yẹn mọ́ fún.